Ẹ̀wù Tí Ọmọ Mi Wọ̀ Sọdá Odò Ògùn

Jákẹ́ẹ̀tì méjì ni mo rà fún ọmọ tí kò tíì lè dá jókòó, àwọn ará àdúgbò wa ní Ìjẹmọ̀ sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Kì í ṣe jákẹ́ẹ̀tì òtútù o. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì ni mò ń wí, ẹ̀wù tí í mú ènìyàn léfòó bí ó bá já sómi. Wọ́n bi mí bóyá iṣẹ́ apẹja ni mo fẹ́ kí ọmọ náà kọ́ kó tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn. Mo ní ọ̀dọ̀ ìyá mi ló ń lọ. Ìgbà náà ni wọ́n dákẹ́, nítorí gbogbo wọn ló mọ ibi tí ìyá mi wà, wọ́n sì mọ ìdí tí kò fi lè jáde níbẹ̀.

Ìyá mi wà nínú opó. Bàbá mi kú nígbà tí oyún inú mi ti wúwo, ní abúlé àwọn baba rẹ̀ tó ti ń gbin ìrẹsì láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Láti Abẹ́òkúta, a ó gba Ọ̀fàdà kọjá, a ó gun ọ̀kadà dé etí odò Ògùn, a ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá. Mùsùlùmí ni wá. Ọjọ́ tó kú náà ni wọ́n sin ín. Èmi ò sí níbẹ̀. Àwọn àgbà ní irú aboyún bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ lórí odò tó ń kún, kí n sì tó jà wọ́n níyàn tán, wọ́n ti sin bàbá mi tán. Inú ń bí mi sí wọn títí di òní, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ.

Opó tiwa kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Títí yóò fi pé oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, opó kì í sùn síbòmíràn. Àwọn ẹbí bàbá mi tún wá fi tiwọn lé e, wọ́n ní ìyá mi kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà àgbàlá. Láàárín ìyẹn ni mo bímọ.

Ẹni tó bá mọ ilé wa á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìyá ló yẹ kó wá wẹ ọmọ fún ọmọ rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ti kú kí n tó mọ ọkọ mi, ìyá tèmi sì wà ní òdìkejì omi. Aládùúgbò wa kan, ìyá arúgbó tó ń ta ọṣẹ dúdú, ló ń bá wa wẹ ọmọ. Ó mọ ọmọ wẹ̀, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá na apá ọmọ náà, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò, mo sì ń sọ nínú ara mi pé ọwọ́ yìí kọ́.

Láràárọ̀ ni ìyá mi ń pè lórí fóònù.

"Ṣé wọ́n ti wẹ̀ ẹ́?"

"Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, màámi."

"Ṣé wọ́n na ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa?"

"Wọ́n nà án."

"Ṣé wọ́n jù ú sókè?"

"Wọ́n jù ú, màámi."

"Ó dáa," ni yóò wí, yóò sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni n kò lè gbà. Ìyá mi kì í ṣe ẹni tó ń dákẹ́. Obìnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ rẹ aṣọ láró, tó ń bá oníbàárà ja ìjà ẹnu láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, ló wá ń sọ pé "Ó dáa" bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò lè bèèrè rẹ̀ padà.

Wọ́n ní kí n ní sùúrù, pé opó náà yóò pé. Sùúrù ni baba ìwà, mo gbà, àmọ́ ọmọ tuntun kì í ní sùúrù fún ẹnikẹ́ni. Ojoojúmọ́ ló ń gbó. Kí opó ìyá mi tó pé, ọmọ mi yóò ti máa yí ara padà lórí ẹní. Mo fẹ́ kí ìyá mi wẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì gba orí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Kò sí ohun mìíràn tí mo fẹ́ láyé nígbà náà. Ọ̀nà mọ́tò tó lọ yíká sí abúlé náà ti bàjẹ́ láti ìgbà tí òjò ti dé. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló kù.

Bàbá ọmọ mi, tí í ṣe tíṣà, kì í bá mi jiyàn púpọ̀. Ó ní òun gbà kí a lọ, ṣùgbọ́n ọmọ òun kò ní wọ ọkọ̀ ojú omi láìjẹ́ pé ó wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Mo ní wọ́n pọn èmi náà sọdá odò yẹn láìmọye ìgbà, láìsí jákẹ́ẹ̀tì kankan.

"Ìwọ sọdá, o wá ń ròyìn," ló wí. "Àwọn tí kò sọdá ńkọ́? Ta ló máa bá wọn ròyìn tiwọn?"

Mo lọ sí ilé ìdáná, ata tí mo lọ̀ sí ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà kọjá ohun tí ẹnu lè gbà.

A kọ́kọ́ lọ sí etí odò láti wo bí nǹkan ṣe rí. Atukọ̀ tó wà níbẹ̀ ní jákẹ́ẹ̀tì, aláwọ̀ ọsàn, tó mọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ti àgbàlagbà ni gbogbo rẹ̀. Ó wá kọ́ mi ní ọgbọ́n tí gbogbo ìyá ọlọ́mọ ń dá níbẹ̀: kí n pọn ọmọ mi, kí n gbé jákẹ́ẹ̀tì wọ̀ lé àwa méjèèjì, kí n sì dè é níwájú. Mo pọ̀n ọ́n, mo so ọ̀já, mo wọ jákẹ́ẹ̀tì náà lé e. Orí ọmọ náà yọ jáde lẹ́yìn ọrùn mi bí orí ìjàpá. Obìnrin kan tó ń dúró de ọkọ̀ pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ wò ó bó ṣe bá wọn mu! Ìyá àtọmọ nínú ẹ̀wù kan ṣoṣo." Mo wo ọkọ mi bí ẹni tó ti jàre ẹjọ́.

Atukọ̀ náà wá fẹ́ fi ọkàn mi balẹ̀ sí i. Ó ní, "Màmá ọmọ, ẹ má bẹ̀rù nǹkan kan. Bí ẹ bá tilẹ̀ já sómi, jákẹ́ẹ̀tì yìí á dá yín dùbúlẹ̀ sórí omi bí ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ó kàn máa wo ojú ọ̀run títí a ó fi wá gbé yín."

Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà kú lẹ́nu mi. Bí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, ta ló wà lábẹ́ ẹ̀yìn mi? Èmi yóò máa wo ojú ọ̀run, ọmọ mi yóò sì wà lábẹ́ mi nínú omi, pẹ̀lú ọ̀já tí mo fi ọwọ́ ara mi so. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú jákẹ́ẹ̀tì náà, okùn rẹ̀ kò sì tètè tú. Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà tí mo fi mọ ọjà, tí mo fi mọ oko, tí mo fi mọ odò náà gan-an. Kò sí ẹni tó sọ fún mi rí pé ibì kan wà láyé tí ẹ̀yìn ìyá ti lè pa ọmọ.

Mo ṣàlàyé fún atukọ̀ náà àti obìnrin yẹn. Wọ́n wo ara wọn. "Háà," ni atukọ̀ náà wí, ó sì gba jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń yí i padà lọ́wọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. A gun ọ̀kadà, a padà sílé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi pè, ó bi mí bóyá wọ́n ti wẹ̀ ẹ́.

Ìbarà ni mo ti ra jákẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tó tutù bí inú fíríìjì. Ó rẹwà! Wọ́n ya ẹja pupa àti ẹja búlúù sí i, àyà rẹ̀ ṣeé fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, ó sì ní òrùka ọ̀rá kékeré méjì fún apá ọmọ, tí wọ́n ṣeé fẹ́ bákan náà. Ọmọbìnrin tó ń tajà ní ẹ̀wù náà ni àwọn ọmọ fi ń ṣeré nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Mo ti ń fojú inú rí ọmọ mi nínú rẹ̀, mo ti ń rí ìyá mi tó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn ẹja náà. Ọkọ mi yẹ̀ ẹ́ wò níwájú lẹ́yìn, ó ní a ó dán an wò ná.

"Lára ta ni?" ni mo bi í.

"Kì í ṣe lára ọmọ," ló wí.

Ibi tí ìyá mi ti ń rẹ aṣọ kí ó tó bá bàbá mi lọ sí oko ṣì wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìjẹmọ̀. Obìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló jogún ibẹ̀, òun náà sì ti di ìyá àgbà báyìí. Bí mo ṣe wọlé ni òórùn aró gbà mí nímú, mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, nítorí òórùn ìyá mi nìyẹn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé gbogbo ìyá tó wà láyé ló ní èékánná tó dúdú bí aró. Àárò rẹ̀ sọ mí lọ́jọ́ náà débi pé mo fẹ́ padà sílé láìdán nǹkan kan wò.

Obìnrin aláró náà kò jẹ́ kí n padà. Ó gbé ọmọ mi sí ọwọ́ kan, ó gbé aṣọ tútù sí ọwọ́ kejì, ó ń yọ díẹ̀, ó ń fi díẹ̀ kún un, títí ó fi ní wọ́n ti wúwo bákan náà. Ó di aṣọ náà bí ọmọ, ó so ìdì kékeré kan mọ́ ọn fún orí. A wọ ẹ̀wù ẹja fún ọmọ aṣọ yìí, a sì gbé e sínú táńkì símẹ́ńtì tí wọ́n fi ń ṣan aṣọ.

Ó léfòó. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó yí díẹ̀díẹ̀, ó dojú bolẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Aṣọ ni, mo mọ̀ pé aṣọ ni, síbẹ̀ mo kígbe. Obìnrin náà ki ọwọ́ bọ omi, ó fà á yọ kíákíá bí ẹni pé ó lè mí. Ó ní kí n yé sunkún, pé aṣọ kì í kú.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo pe ìyá mi fúnra mi. Mo ní à ń bọ̀.

"Ìgbà wo?"

"Láìpẹ́, màámi."

"Ẹ má kánjú lórí omi o," ló wí. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá ọmọ náà ti ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ó ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa."

Ibi tí n kò fọkàn sí ni mo ti rí èkejì. Mo ń wá ṣòkòtò kékeré lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta òkìríkà àwọn ọmọdé, mo sì rí i láàárín àwọn aṣọ òtútù tó fi kọ́. Ó nípọn, ó pupa fòò, kọ́là rẹ̀ fẹ̀ bí irọ̀rí, okùn kan sì gba abẹ́ ìdí rẹ̀ wá síwájú.

"Aṣọ òtútù àwọn ọmọ òyìnbó ni," ni ìyá náà wí. "Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ wo bó ṣe nípọn."

"Kí ni okùn abẹ́ ìdí yìí wà fún?"

"Kó má bàa bọ́ gba orí ọmọ ni."

Òótọ́ ló sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tó ń tà. Lẹ́yìn kọ́là náà, ohun ìdìmú kan wà tí ènìyàn fi lè gbé ọmọ sókè kúrò nínú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo tẹ fóòmù rẹ̀ níbi gbogbo, mo wá ojú ibi tí òwú ti lè já, mo dè é, mo tú u, mo tún dè é. Ìyá náà bi mí bóyá aṣọ ni mo wá rà tàbí ìyàwó ni mo wá fẹ́ fún àbúrò mi.

A tún lọ sí ibi táńkì. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ aṣọ náà fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, kọ́là gbé orí rẹ̀ sókè. Obìnrin aláró náà fi ọwọ́ dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó yí padà. Ó tún dojú rẹ̀ bolẹ̀ tagbáratagbára, ó tún yí padà, ó sì ta omi sí i lójú. Ó nu ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kọ́là yìí ti dàgbà ju gbogbo wa lọ." A wọ̀ ọ́ fún ọmọ mi náà, mo fi ìdìmú gbé e sókè díẹ̀ láti mọ̀ bóyá ẹ̀wù náà yóò sún dé etí rẹ̀. Kò sún. Ọmọ náà fi igbe bọnu, ó ń wò mí bí ẹni tí mo tà.

Àárọ̀ la sọdá. N kò pọ̀n ọ́n. Orí itan mi ni mo gbé e sí, ó kọjú sí mi, a kò sì so ó mọ́ mi, nítorí a ti wá mọ̀ pé bí ó bá di ọ̀ràn omi, kálukú gbọ́dọ̀ lè léfòó ní tirẹ̀. Ẹ̀yìn mi fúyẹ́, kò sì dùn mọ́ mi nínú. Ọkọ mi di ìdìmú ẹ̀yìn ọrùn ọmọ náà mú láti èbúté dé èbúté, kò jẹ́ kó wo ọ̀tún, kò jẹ́ kó wo òsì. Atukọ̀ ń sọ̀rọ̀ òjò. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Omi ń lọ sí ibi tó ń lọ, àwa náà ń lọ sí tiwa.

Nígbà tí a ń súnmọ́ èbúté ni bàbá mi wá sí mi lọ́kàn. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ti pè pé mò ń bọ̀, yóò ti dúró síbẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àti fìlà, yóò máa pariwo fún atukọ̀ pé kó rọra, bí ẹni pé ọkùnrin náà kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Èbúté náà dá páropáro. Mo wò ó títí ọkọ̀ fi kan ilẹ̀.

Ìyá mi wà ní ẹnu ọ̀nà àgbàlá. Ó ti rù, aṣọ opó rẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ, kò sí yẹtí ní etí rẹ̀, kò sí tìróò ní ojú rẹ̀. Bó ṣe rí wa ló na ọwọ́ méjèèjì jáde, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò nínú àgbàlá. Àwa la sáré.

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, màmá. Ẹ kú ìrọ́jú."

"Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ewu ọ̀nà." Ó ti gba ọmọ náà. "Kí lẹ wọ̀ fún ọmọ mi, tó dà bí àkàrà tó wú nínú epo yìí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé kọ́là, mo ṣàlàyé okùn abẹ́ ìdí. Kò gbọ́ ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ọwọ́ tó ti tú okùn àdìrẹ láìmọye ti tú ẹ̀wù náà kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi. Ó gbé imú lé orí ọmọ náà, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Omi ti gbóná kí a tó dé. Ó jókòó lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ọmọ mi sí i. Ó fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ ra á láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó na apá rẹ̀ kọjá àyà, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀, ó nà án, ó fi òrí wọ́ ọ ní ọrùn àti ní ìdí. Ọwọ́ yẹn nìyẹn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló gbé e dìde, ó jù ú sókè. Ọkọ mi, tí kò tú ìdìmú sílẹ̀ rí lórí omi, kígbe "Yéè!" Ìyá mi mú ọmọ náà, ó tún jù ú. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, ó sì yára fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ó wo ìlẹ̀kùn yàrá bàbá mi.

Ó fi aṣọ wé ọmọ náà, ó gbé e fún bàbá rẹ̀. Kò dìde lórí àpótí. Èmi ló ń wò.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo wà dáadáa, màámi."

"N kò bi ọ́ bóyá o wà dáadáa. Ta ló ń wẹ̀ ọ́?"

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìyá rẹ̀ ni í fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, tí í fi aṣọ tó gbóná tẹ ikùn rẹ̀, tí í ra á lẹ́yìn. Gbogbo wa ló ti rántí ọmọ. Èmi gan-an kò rántí ara mi.

"Mò ń wẹ ara mi ni."

"Láti ọjọ́ tí o ti bímọ?"

Ó ní omi ṣì kù nínú ìkòkò. Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, sí ibi tí wọ́n fi páànù ká, ó ní kí n bọ́ aṣọ, kí n jókòó. Omi náà gbóná tó fi jẹ́ pé mo pariwo, ó ní kí n panu mọ́, ó tẹ ikùn mi, ó ra èjìká mi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá mi lẹ́yìn bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní ọmọdé. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ mi nìkan ni mo gbé sọdá omi wá fún un. Mo sunkún, mo sunkún bàbá mi níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ìyá mi kò sì ní kí n dákẹ́. Ó ń bu omi lé mi lórí.

Nígbà tó parí, mo gba kàn-ìn-kàn-ìn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin náà, màámi. Ẹ jókòó."

Ó ní òun kì í ṣe ọlọ́mọ tuntun. Mo ní mo mọ̀. Ó dúró, ó ń wo omi tó kù nínú ìkòkò, ó wá ní bàbá mi ló máa ń bá òun fọ ẹ̀yìn, pé láti ìgbà tó ti lọ, ibi tí ọwọ́ òun kò dé, òun kàn ń fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni.

Ó jókòó. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, mo sì bu omi.